Akápò Ẹgbẹ́ Tó Ń Dènà Olè

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Ọjọ́ tí wọn yóò yẹgi fún mi ni n kò mọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti ró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde dúró.

Tíṣà ni mí, ní Ìkirè. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, a dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láti dènà olè láàárín Ìkirè àti Àpòmù, wọ́n sì fi mí ṣe akápò. Owó tí a ń dá la fi ń san owó ọdẹ tó ń ṣọ́ wa lóru. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi pẹ́, mo mú díẹ̀ níbẹ̀ ra oògùn ìyàwó mi. Mo ní mo yá a ni. Ẹ jẹ́ kí n tún gbólóhùn yẹn ṣe: mo jí i. Mo sì tún mú òmíràn.

Nígbà tó yá, ìlú rọ̀, olè kò jà mọ́. Àwọn ènìyàn ń bi mí pé ta ni a ń ṣọ́ àwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò dáwó mọ́, ohun tí mo jí sì fẹ́ hàn. Mo mọ̀ pé ìgbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n ni wọ́n máa ń dáwó. Ni mo bá lọ bá Ràṣídì ní Orílẹ̀-Òwu, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ti sọ olè jíjà di iṣẹ́. Mo ní kó fọ́ ilé Ìyá Bọ́lá, opó kan tó ń ṣòwò kòkó ní Àpòmù, lọ́sàn-án ọjọ́ ìpàdé, tí gbogbo wa yóò wà ní gbọ̀ngàn Àpòmù.

"Tíṣà, bí mo bá bá èèyàn ńkọ́?"

"O ò ní bá ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ náà, Ìyá Bọ́lá dé iwájú tábìlì mi, ó tú báàgì rẹ̀ títí. N kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mú káàdì ẹgbẹ́ wá. Gbogbo wọn ló mọ̀ mí mọ́ ọn.

"Ó wà nílé, Tíṣà. Ẹ jẹ́ n sáré lọ mú un, kí ẹ má lọ ní kí n kúnlẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní kó jókòó, wọn yóò bi mí léèrè ohun tó yí mi padà. Èyí ni mo ń rò lọ́wọ́ tó fi jáde. Mo tẹrí ba, mo kọ orúkọ ẹni tó kàn.

Wọ́n bá òkú rẹ̀ ní pálọ̀, orí ti fọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, owó tí wọ́n dá pọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ọwọ́ mi ni wọ́n kó o lé. Mo kà á, mo sì kí wọn, kó tó di pé ọwọ́ tẹ Ràṣídì, tó dárúkọ mi.

Bí mo bá dijú, ẹ̀yìn Ìyá Bọ́lá ni mo ń rí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Kì í bá mi jà. Ó kàn ń lọ ni.

Ẹ̀yin èwe, wọ́n ti kọ́ yín pé kí ẹ má jalè. Ẹ fi èyí kún un: bí iṣẹ́ ibi tí ẹ ṣe bá ń lọ bá ẹnìkan, ẹ pariwo, kí ojú sì tì yín ní gbangba. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ikú ẹlòmíràn kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn.