Ó Ní Òun Fi Ń Wẹ Ọmọ Ni

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí ìlú Balbriggan ní Ireland ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá àgbà kan tó wé ìborùn àti ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í, tó ń mu kọfí.

Ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ìwọ tí tíì lásán kì í jẹ́ kó o sùn!"

"Ẹ̀gbọ́n, látìgbà tí Kòrónà ti ṣe mí, okun mi ò padà."

"Ṣebí o ti gbádùn?"

"Kòrónà lọ, àárẹ̀ ò lọ. Bí wọ́n bá bi mí níbi iṣẹ́, mo máa ń ní 'I'm grand,' pé ara mi le. Dókítà ní àwọn ò tíì mọ̀ dájú bóyá kọfí ń ran irú àwa tí àárẹ̀ Kòrónà ò tíì lọ lára wa lọ́wọ́, pé kí n máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa ṣọ́ àyà mi."

"Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe ń kírun lórí àga ní mọ́sálásí? Yéè! Mo rò pé oyún ni. Mo ti ń bá ọ dúpẹ́!"

"Tí mo bá forí kanlẹ̀, mi ò ní lè dìde ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kọfí yẹn wá ń ṣiṣẹ́?"

"Lọ́jọ́ mìíràn, rárá. Lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́, ara mi á mókun fún bíi wákàtí kan."

"Kí lo máa ń fi wákàtí náà ṣe?"

"Mo fi ń wẹ ọmọ mi."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Ó di ọjọ́ tí kọfí bá tún ṣiṣẹ́."

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó gba báàgì èjìká ọmọbìnrin náà, ó sì fà á lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀.