Mo Pe Ìbúra ní Ìkíni

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ sógun Faransé ni mo ti gbé e pamọ́. N kò sọ fún ìyàwó mi, n kò sì sọ fún ìyá mi títí tó fi kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ ọjà Manigri tó ń bọ̀, bàbá arúgbó kan fẹ́ fi irin búra, ó sì ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Manigri ni mí. Ògbufọ̀ kọmandáǹ, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ni mí ní Basila. Ohun tí òyìnbó bá sọ, èmi ni mo ń sọ ọ́ ní èdè wa. Ohun tí àwọn ènìyàn wa bá sọ, èmi ni mo ń sọ ọ́ fún òyìnbó. Mo ń wọ bàtà, àwọn àgbà ń kí mi kí n tó kí wọn. N kò ní parọ́ fún yín, ó ń gùn mí.

Lọ́jọ́ kan, kọmandáǹ wá sí Manigri. Ó ta àsíá sórí igi, ó ní kí gbogbo àgbà ìlú dúró níwájú rẹ̀, kí wọ́n búra pé àwọn yóò jẹ́ olóòótọ́ sí Faransé, àti pé bí Faransé bá béèrè ọmọ wọn, àwọn kò ní fi pamọ́. Ó ní kí n máa ka ìbúra náà ní Faransé, kí wọ́n máa wí i tẹ̀lé mi.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìbúra ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe ohun eré. Kò sí àgbà tó máa búra fún aṣọ tí wọ́n so mọ́ igi. Bí mo bá dárúkọ ìbúra, wọ́n á kọ̀, kọmandáǹ á tì wọ́n mọ́lé, bóyá á lé èmi náà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo bá sọ fún wọn pé ìkíni ni, pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń kí olórí wọn nìyẹn. Wọ́n ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sì wí i tẹ̀lé mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Bàbá Wòrú ló gbádùn rẹ̀ jù. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, òun ló fún wa ní eèbù lọ́dún tí iṣu tiwa jẹrà. Ọ̀rọ̀ Faransé tó bẹ̀rẹ̀ ìbúra náà, èyí tó túmọ̀ sí "a búra", "nusúrọ̀" ló dà lẹ́nu tirẹ̀. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà oko, á nawọ́ sókè, á ní, "Nusúrọ̀, ọmọ mi!" Èmi náà á dá a lóhùn, a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n wá ń kó àwọn ọmọ lọ sógun, Bàbá Wòrú rán Sàbí ọmọ rẹ̀ lọ fara pamọ́ sí oko kan lẹ́bàá Doguè. Kì í ṣe òun nìkan, ọ̀pọ̀ bàbá ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọmandáǹ dé, Bàbá fẹ́ yẹ́ ẹ sí. Ó bọ́ síwájú, ó ní, "Nusúrọ̀!" Inú òyìnbó dùn. Ó ní ẹni tó tún ìbúra rẹ̀ wí nìyí, ọmọ rẹ̀ dà? Ìbéèrè nípa ọmọ nìkan ni mo túmọ̀ fún Bàbá, ó ní òun kò mọ ibi tó wà. Kò pẹ́ tí àwọn gáàdì fi rí Sàbí mú.

Wọ́n kó bàbá àti ọmọ wá sí Basila. Níwájú àwọn àgbà Manigri, kọmandáǹ ní kí n sọ fún Bàbá pé ó búra, ó sì dalẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn n kò yí ọ̀rọ̀ padà. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá Wòrú wo ojú mi. Ó ní, "Ìgbà wo ni mo búra, ọmọ mi? Bá mi bi í."

N kò bi í. Mo yíjú sí kọmandáǹ, mo ní Bàbá ní kí ó ṣàánú òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló dùn mí jù. Bí mo bá bi í, irọ́ mi á tú.

Wọ́n mú Sàbí lọ, kò sì padà wá mọ́. Wọ́n ti Bàbá mọ́lé. Nígbà tó jáde, àwọn àgbà ní àwọn kò búra ní tiwọn, àwọn kàn kí òyìnbó ni, a jẹ́ pé Wòrú ló lọ búra ní kọ̀rọ̀, tó ta ìlú. Kò sẹ́ni tó ń bá a jẹun mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá a kọ ebè. Èmi gan-an, bí mo bá dé Manigri, ọ̀nà mìíràn ni mo ń gbà.

Ní báyìí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó rán ọmọbìnrin rẹ̀ sí mi pé òun fẹ́ fọwọ́ kan irin níwájú ìlú pé òun kò búra fún òyìnbó rí. Ó ní èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè wọn, kí n wá dúró ti òun.

Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú. Ṣé ó búra àbí kò búra? Ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, inú rẹ̀ kò mọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé Basila ń ka irú rẹ̀ níwájú àsíá láràárọ̀. Mo bi ọmọ mi obìnrin pé kí ni wọ́n ń sọ. Ó ní òun kò mọ̀, pé olùkọ́ kàn ní kí àwọn pariwo dáadáa ni. Bí ariwo lásán bá ni, kí ló dé tí wọ́n fi torí rẹ̀ mú Sàbí lọ? Bó bá sì jẹ́ ìbúra, a jẹ́ pé gbogbo àgbà Manigri ló búra, bàbá ìyàwó mi náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì fi ọmọ pamọ́. Àbí èmi nìkan ni mo búra, nítorí èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo ń wí? N kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ rárá.

Bí mo bá sọ òótọ́, jìnnìjìnnì á bá gbogbo ìlú, wọ́n lè lé mi, àwọn àna mi lè gba ọmọ wọn. Bí mo bá dákẹ́, tí Bàbá fọwọ́ kan irin, ara rẹ̀ kò le, ó lè kú nígbàkúgbà. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé àìsàn ló pa á. Wọ́n á ní irin ló pa á, pé ó purọ́ dójú ikú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó rán sí mi ní Bàbá kò bẹ̀rù rárá. Bàbá ní kí ó sọ fún mi pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ti wà níbẹ̀, ọkàn òun balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì sọ ohun tí mo máa wí fún un.