Bí Ọmọ Bá Kọsẹ̀ Lórí Ìwé, Ẹni Méjì Á Dìde

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, iṣu wà lórí mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mò ń kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa yìí, lójú ọ̀nà Ìjan. Mo gbọ́ ohùn Tíṣà Àgbà nínú: "Bàbá ọmọ, dìde! Èmi náà ti dìde." Mo ní, kí ló dé? Ṣé ìjà ni? Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo yọjú lójú fèrèsé.

Tóyìn, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. O ní iṣẹ́ yín ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ l'Ádó ni láti mọ ilé-ìwé tó dára àti èyí tí kò dára. Ó dáa. Àwa náà mọ̀ ọ́n nígbà náà, a ò sì ní fóònù. Ẹ̀yin àbúrò rẹ̀ tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ gbọ́ o.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá fẹ́ gba ọlidé, gbogbo òbí á pé sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń lọ sóko á dá oko dúró. Baba ìjọ á mú Bíbélì, á là á síbi tó bá ṣáà wù ú... Tíṣà ò mọ ibẹ̀, ọmọ ò mọ ibẹ̀. Wọ́n á pe ọmọ kan: "Ó yá, kà á." Bó bá kà á, àtẹ́wọ́. Bó bá kọsẹ̀, tíṣà rẹ̀ á dìde. Bàbá rẹ̀ á dìde. Oníkálukú á sọ ohun tó ṣe tí ọmọ ò fi mọ̀wé. Ẹni méjì o! Kì í ṣe tíṣà nìkan.

Àbúrò mi, Dáre, ló kọsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń wo ìwé bí ẹni ń wo ejò. Bàbá mi dìde. Tíṣà ní, "Bàbá Dáre, gbogbo ọjọ́ ọjà lò ń di iṣu ru ọmọ yìí. Ìgbà wo ni yóò jókòó kọ́ ẹ̀kọ́?"

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí í panu mọ́. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá wá ńkọ́, Tíṣà? Ṣé ùwé lò ń kọ́ ọ ni, àbí oko ẹ̀gẹ́ tìrẹ ló ń ro? Ọwọ́ ọmọ mi ti le bíi tèmi. Ṣé kálámù ló ń ṣe ọwọ́ báyẹn?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó nu ojú. Ó ní, "O mú mi, Bàbá Dáre." Níbẹ̀ ni wọ́n ti parí ẹ̀. Bàbá mi ní Dáre ò ní ru iṣu lọ́jọ́ ọjà mọ́. Tíṣà ní ọmọ kankan ò ní ro oko òun mọ́ lásìkò ẹ̀kọ́. Ta ló wá ń ru iṣu Dáre? Èmi ni! Ọrùn mi yìí náà ni. Àmọ́ nígbà tí ọlidé mìíràn dé, Dáre ka Sáàmù láti òkè délẹ̀, kò tilẹ̀ wúkọ́. Bàbá mi ṣí fìlà. Bàbá mi tí kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni...

Tíṣà ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbé. Lónìí ńkọ́? Fájuyì l'Ádó ni àwọn tíṣà ti ń wọ mọ́tò wá láàárọ̀, wọ́n á tún sá padà. N ò bú wọn. Ilé tíṣà ti wó, níbo ni kí wọ́n sùn?

Èmi ò wọ ilé-ìwé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó fi ìwé orin kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Ìyá ìyá rẹ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé o fẹ́ di akọ̀wé kó o tó kú ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ò lè kàwé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí wọ́n bá ń tan ọmọ òun jẹ?

Láàárọ̀ yìí, Tóyìn, o lọ sílé-ìwé wa. Kí lo wò? O ka fèrèsé. O wo ilé ìgbẹ́. O wo ọ̀dà ara ògiri. Wọ́n ní gbogbo kíláàsì kẹfà ló yege, o sì fẹ́ kọ ọ́ pé ilé-ìwé náà dára púpọ̀. Mo bi ọ́, ọmọ wo ló kàwé sí ọ létí? O ní, "Bàbá, kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí n wò." Háà! Ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́, ṣé okùn ọrùn rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò? Àwọn ọmọ yẹn fẹnu ara wọn sọ fún mi, wọn ò mọ̀ pé ohun burúkú ni: ojú pátákó ni tíṣà kọ ìdáhùn ìdánwò sí fún wọn. Wọ́n kàn dà á kọ ni.

Ẹ dá ọjọ́ ìkàwé yẹn padà. Ẹ la ìwé tí ọmọ ò rí rí. Kí tíṣà dìde. Kí òbí dìde, kódà bó jẹ́ Ọjà Ọba l'Ádó lọ́hùn-ún ló ti ń tajà. Kí ìjọba náà dìde, torí tíṣà mẹ́ta ni wọ́n fi sí kíláàsì mẹ́fà. O ń rẹ́rìn-ín... O ní ta ni yóò ní kí ìjọba dìde? Ìwọ ni. Ṣebí ìwọ ni wọ́n rán wá? Kọ ọ́.

Kó o tó fi ránṣẹ́, kọ eléyìí mọ́ ọn. Lánàá, mo pe àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà náà sí ìloro yìí. Mo fi ẹ̀pà síwájú wọn kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Mo la Bíbélì síbi tó wù mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo pè wọ́n. Mọ́kànlá ni wọ́n. Àwọn mọ́kànlá ló yege. Mẹ́rin ló lè kàwé. Méje la ti sọ nù.