Ìborí Àgọ́ Màmá Tí Mo Gbé Pamọ́

Èmi yìí, mo ti pa àgọ́ rí lórí tírélà tó ń sáré. Ọwọ́ kan ni mo fi pa á, ọwọ́ kejì ń jẹ búrẹ́dì ní tiẹ̀, kí awakọ̀ sì tó yí jíà kejì, ogójì èèyàn ti sùn sínú rẹ̀, méjì nínú wọn ti ń hanrun. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta àgọ́, àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rajà. Irọ́ ni. Ẹgbẹ̀rún Irọ́ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, n kò sì bínú sí i rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí kì í ṣe irọ́, ó sì ti tó àkókò kí n bì í jáde, nítorí ó ti ń jẹ mí nínú látọjọ́ tí a ti sin ìyá wa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má wo àṣìkọ mi. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kà á. Mo fẹ́ kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kà á sókè létí gbogbo òṣìṣẹ́, kí Ìyá Oníwọ̀n sì jókòó síwájú níbẹ̀.

Àwọn ìdílé tó bá fẹ́ gbé mọ́tò lọ sùn síta, létí omi tàbí nínú igbó, fún ìgbádùn, àwọn ni mò ń tajà fún. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀, àwọn ọmọ wọn mẹ́ta, àti Màmá tó ń fi ọ̀pá rìn. Dókítà ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀rọ̀ pé ọkàn Màmá ti rẹ̀, pé oṣù tó kù fún un kò ju iye ìka ọwọ́ kan lọ. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ní òun fẹ́. Adágún kan wà tí bàbá wa ti ń ṣèlérí pé àwọn á jọ lọ sùn sí létí, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra títí bàbá fi kú. Màmá ní òun fẹ́ jí níbẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ojú òun kọ́kọ́ rí omi.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ dì mọ́ àgọ́ kékeré kan. Ó ní, "Wọ́n kọ ọ́ sára báàgì pé ẹni mẹ́fà. Mẹ́fà náà sì ni wá. Kí ló tún kù?" Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹnu ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni mẹ́fà tiwọn, bíi sàdíìnì inú agolo ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yún ara, àfi kí àwọn márùn-ún yòókù kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá ti rí mẹ́fà, ẹ yọ méjì kúrò. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀, ṣé ẹ máa ń rán ṣòkòtò kí oníbàárà má lè jókòó ni?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í ta àgọ́ fún ìdílé láìjẹ́ pé gbogbo wọn bọ́ bàtà, wọ inú rẹ̀, kí wọ́n dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa sùn. Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú kékeré yẹn, ẹsẹ̀ télọ̀ sì yọ síta. Màmá kàn bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé ejò ni mí ni, tí n óò máa fi àyà fà wọlé?" Mo wá mú wọn lọ síbi àgọ́ ẹni mẹ́jọ. Ó ga débi pé Màmá lè nàró nínú rẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn méjì, Màmá kò sì ní máa tẹ ọmọ kankan mọ́lẹ̀ tó bá fẹ́ jáde. Àwọ̀n wẹ́wẹ́ ni òrùlé rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ìborí kan wà tí wọ́n á fà bò ó lókè, òun náà ní ẹnu ilẹ̀kùn méjì, òun ló ń dá òjò dúró. Láìsí ìborí yẹn, asẹ́ lásán ni. Télọ̀ gbé báàgì rẹ̀ wò, ó ní, "Èyí wúwo o." Mo ní, "Mọ́tò ló máa rù ú, Bùrọ̀dá, kì í ṣe orí yín." Màmá ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti di ojú. Ó ní, "Ibí yìí ni tèmi. Kí ẹnikẹ́ni má gbà á mọ́ mi lọ́wọ́." Iṣẹ́ òótọ́ tí mo ṣe dáadáa jù láyé mi nìyẹn. Ká ní mo ti dúró síbẹ̀ ni.

Àwàdà gùn mí. Mo ní n óò yọ ìborí kúrò nínú báàgì wọn, n óò fi àkísà rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé etí adágún, tí wọ́n ń wá a kiri, èmi á ti gun ọ̀kadà débẹ̀, n óò fara pamọ́ sẹ́yìn igi, n óò wá yọ jáde pẹ̀lú ìborí lórí bí iwin. Màmá á rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni mo ń rò, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníwọ̀n kò rọrùn láti tàn. Òun ló ń di ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn. Tó bá di báàgì kan tán, á gbé e lé òṣùwọ̀n, á fi bírò pupa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára páálí kékeré, á sì fọwọ́ sí i. Kí oníbàárà tó jáde, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró dìgbà tó lọ jẹun ọ̀sán, mo yọ ìborí, mo wá ń kó àkísà sínú báàgì. Mo fi kún un, mo tún yọ, títí ọwọ́ òṣùwọ̀n fi dúró gẹ́lẹ́ síbi tó kọ. Èmi tí n kò gba ìṣirò kan rí nílé ìwé, èyí tí mo wá gbà nìyẹn. Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n fún mi ní ife-ẹ̀yẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, ọ̀gá kò jẹ́ kí n jáde mọ́, torí pé ilé ìwé kan fẹ́ wá ra ogún àgọ́. Mo ní kò burú, oòrùn ń ràn, n óò lọ tí mo bá ṣíwọ́. Ní aago mẹ́ta, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, "Ìborí kò sí nínú báàgì yìí o, àkísà ló wà ńbẹ̀. Òjò sì ti ṣú." Mo ń gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ nínú. Ìborí náà wà lẹ́yìn káńtà, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mi. Wákàtí kan lórí ọ̀kadà, mo ti débẹ̀. Gbólóhùn kan ló yẹ kí n sọ: ọwọ́ mi ló wà, mò ń gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá dúró tì mí, ẹni tó bá sì tú báàgì oníbàárà, ilé ló ń lọ. Ẹnu tí mo fi ń pa ogójì irọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, òótọ́ kan kò lè gbà á kọjá. Mo ní, "Háà. Àfi kó jẹ́ pé ẹni tó di ẹrù ló ṣì í dì." Ẹ wo ọmọkùnrin.

N kò ní bù mọ́ òjò yẹn. Òjò lásán ni, kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ó wọ gbogbo ibùsùn wọn. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà há sínú mọ́tò, Màmá wà níwájú, ó ń fi gèlè rẹ̀ nu gíláàsì, bóyá òun á rí adágún, ṣùgbọ́n kò rí kọjá imú mọ́tò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n yí padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ohun tí Màmá sọ lọ́nà kò ju èyí lọ: "Kò ṣe nǹkan kan. A ó tún lọ."

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi dá báàgì padà tàgọ́-tàkísà, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Ọ̀gá pe Ìyá Oníwọ̀n sí ọ́fíìsì, ó pe èmi náà torí pé èmi ni mo gbé báàgì lọ sínú mọ́tò. Ìyá Oníwọ̀n ní, "Ọ̀gá, n kì í di àkísà. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i." Wọ́n gbé e lé e. Ó bá ohun tó kọ mu, kò fi ìwọ̀n ìyẹ́ kan yàtọ̀. Ọ̀gá ní, "Àkísà náà lo wọ̀n nìyẹn, o sì fọwọ́ sí i." Obìnrin náà wo òṣùwọ̀n tó ti bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ ẹni tó jẹ́rìí èké mọ́ni. Ó yíjú sí mi. "Àbúrò, ìwọ lo gbé e jáde. Ṣé o kò rí nǹkan kan?" Mo ní, "Èmi kàn ń gbẹ́rù ni, mà." Ó ní, "Ó dáa." Ọ̀gá ní iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ó mú bírò pupa rẹ̀, ó sì lọ sílé. Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé nìyẹn, orí ìdúró ni mo sì ti ṣe é, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Màmá kú. Dókítà ní òjò kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òwúrọ̀ kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ wa, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì báyìí, torí tí mo bá sọ èyí tó kù, n kò ní lójú tí n óò fi tọrọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ìyá Oníwọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọ̀gá, ẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, àlejò kún àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí mo ní yàrá sí lẹ́yìnkùlé. Mo wà láàárín wọn, mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń sọ fún wọn pé ká ní mo wà létí adágún lọ́jọ́ náà ni, ẹ̀wù ọrùn mi ni n bá fi rán ìborí kí òjò tó balẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Oòrùn mú, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń wá ohun tí wọ́n á fi bo àwọn àlejò. Ó jáde láti yàrá mi pẹ̀lú ẹrù kan léjìká. Ó ní, "Àbúrò, mo rí tapólì kan lókè àpótí aṣọ rẹ, jẹ́ ká fi ṣe ibòji." Kò mọ nǹkan kan. Òun àti ọkùnrin méjì tú u, wọ́n nà án sókè lórí àga. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo ẹnu ilẹ̀kùn kìíní, ó wo ìkejì. Ó ní, "Ìborí Màmá rèé."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ẹnu mi ṣì là sílẹ̀ níbi tí mo bá irọ́ mi dé. Mo bẹ́, mo gba ẹ̀yìn ilé sáré. Ìyá Oníwọ̀n ló wà nídìí ẹ̀rọ omi níbẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń bá wa fọ abọ́ àwọn àlejò. Ó gbójú sókè, ó rí mi bí mo ṣe ń bọ̀.

Ó ní, "Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Mo fo omi ọṣẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, mo gba ẹnu géètì jáde.