Omi Tó Wẹ Ìyá Àláájì Bùsàírì

Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń rọ òjò fún olówó àti tálákà. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, tó jẹ́ pé omi tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjì péré ló ń fi ṣe àlùwàlá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí mo bá wá lónìí: ẹni tó bá ń fi omi ṣòfò, bó ti wù kó máa kírun tó, ó ń bá Ṣàìtáánì ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ti ń wojú ara yín. Ẹ ò rò pé àpà lè wà nínú àlùwàlá, àbí? Ẹ fara balẹ̀.

Ìlú kan wà ní Òkè-Ògùn, tí wọ́n ti gé igi fi sun èédú títí igbó fi di pápá. Òjò tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ti wá di ti oṣù karùn-ún. Obìnrin arúgbó kan, Ìyá Ràṣídá, ló ń pọnmi sínú búta fún àwọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀. Òun náà ló ń wẹ òkú obìnrin. Búta kan fún ẹnì kan, òfin rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, Àláájì Bùsàírì tó ń ta sìmẹ́ǹtì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó gbé táńkì ńlá sórí òpó, ó ṣe ẹnu ẹ̀rọ méjìlá fún àwọn ọkùnrin, ó wá fa ẹyọ kan sójú títì fún àwọn obìnrin. Sàdáákà gidi ni o! Ṣùgbọ́n wàswáàsì, iyèméjì tí Ṣàìtáánì ń gbìn sọ́kàn, ń bá Àláájì jà. Bó bá fọ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn rẹ̀ á ní omi kò dé gìgísẹ̀. Á tún un fọ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀keje! Omi á sì máa dà ṣàà bó ti ń kí èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn yòókù ní bí olówó ṣe ń mọ́ nìyẹn, ni gbogbo wọn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá di Jímọ́ọ̀, tojú títì á gbẹ fúú. Àwọn obìnrin á gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sílé.

Ìyá Ràṣídá lọ bá a. "Àláájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Omi tí ẹ fi ń fọ ẹsẹ̀ yín nìkan tó ọmọ mẹ́ta wẹ̀."

Àláájì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá oníbúta! Ṣé ẹ ń bínú pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín ni? Ayé ti lajú."

"Ayé lajú lóòótọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n òjò ò wá bó ṣe ń wá mọ́."

"Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í tán, Ìyá. Mo ti sanwó rẹ̀."

Ẹ gbọ́ o! Ó ti sanwó rẹ̀. Ta ló san án fún?

Wọ́n ní kí Ìyá kó búta rẹ̀ kúrò, pé ó ń ba ẹwà mọ́ṣáláṣí jẹ́. Ó kó wọn lọ sílé. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á pọn omi kún wọn, kí àwọn tí kẹ́ẹ̀gì wọn bá ṣófo lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ lè rí omi sebẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan le jù. Ní àárọ̀ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Súbúì, ìyá tó bí Àláájì jáde láyé. Èrò ya dé láti ìlú mẹ́rin, gbogbo wọn sì ṣe àlùwàlá olówó. Nígbà tí wọ́n wá pọn omi tí wọ́n ó fi wẹ òkú, ẹnu ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀: afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ ń fà. Wọ́n rán èèyàn lọ sí odò: ẹrẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Lèmọ́mù mi orí. "Àláájì, ẹ̀sìn kò ni wá lára. Bí omi kò bá sí, a ó ṣe tàyámámù fún Màmá."

Àláájì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Erùpẹ̀? Ìyá tó fi omi wẹ̀ mí ní kékeré, erùpẹ̀ ni wọ́n ó fi ra á lójú, èmi tí mo gbẹ́ kànga?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ká ní ẹ̀yin ni Ìyá Ràṣídá ńkọ́? Ẹ̀ẹ́ ní, "Lọ gbé omi tí o sanwó rẹ̀ wá!" Àbí mo parọ́? Wàláhì, ọ̀rọ̀ náà dé ètè Ìyá. Ó gbé e mì. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Búta mẹ́sàn-án tí mo pọn lánàá á tó."

"Mẹ́sàn-án? Ìyá, èmi nìkan máa ń lò jù bẹ́ẹ̀…"

"Mo mọ̀."

Ó wọlé pẹ̀lú obìnrin méjì. Wọ́n wẹ òkú náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi káfúrà olóòórùn dídùn sí omi ìkẹyìn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ láṣọ funfun. Nígbà tó jáde, ó ní, "Màmá ti mọ́ tónítóní. Mẹ́jọ la lò. Gba ìkẹsàn-án, kí o ṣe àlùwàlá tí wàá fi kírun sí wọn lára."

Àláájì bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́sẹ̀ òsì, kò tún un fọ̀. Ó mi búta náà wò. Omi ṣẹ́ kù níbẹ̀! Ó kígbe, "Àlááhù Àkúbárù!" Gbogbo àgbàlá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àláájì tú mọ́kànlá nínú ẹnu ẹ̀rọ àwọn ọkùnrin, ó tò wọ́n sójú títì. Ó fi mọ́tò gbé búta Ìyá Ràṣídá padà, òun fúnra rẹ̀ ló ń pín in: "Ọ̀kan ni o, bàbá. Ọ̀kan!" Kànga sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi. Lèmọ́mù kó àgbààgbà lọ sọ́dọ̀ ọba, wọ́n bá àwọn eléèédú ṣòfin: ẹni tó bá gé igi kan, á gbin márùn-ún. Omi àlùwàlá tó ń ṣàn lọ lásán tẹ́lẹ̀, ìdí igi tuntun ló ń lọ báyìí. Nígbà tó di Jímọ́ọ̀ kẹta, bí àwọn ọkùnrin ṣe jáde látorí ìrun, ariwo ló pàdé wọn. Ìjà kọ́ o! Àwọn obìnrin ló tò sídìí ẹ̀rọ méjìlá, kẹ́ẹ̀gì ń kún, wọ́n ń kọrin, Ìyá Ràṣídá ló ń lé e, wọ́n ń gbè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi tí ẹ dà nù láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń dúró dè é? Ẹnì kan nínú yín ń fọ mọ́tò, ó ṣí omi sílẹ̀ lọ dáhùn fóònù. Ẹlòmíràn ń da ike àti láílọ́ọ̀nù sínú odò, ó ní òjò á gbé e lọ. Gbé e lọ síbo? Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wà nínú ìjọsìn wa.

Ọlọ́run Ọba tó ni ìkùukùu, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Ìlú tí erùpẹ̀ yóò máa wẹ òkú, má fi tiwa ṣe é. Jẹ́ kí òjò wa dé lásìkò, kó má wó ilé, kó má gbé ọmọ. Àwọn tó wà nípò àṣẹ, fún wọn ní ojú tó ń rí igi kó tó wó. Bí a bá sì dé iwájú Rẹ lọ́la, jẹ́ kí omi jẹ́rìí gbè wá. Àmín, kí ó rí bẹ́ẹ̀.