Ẹja Tí Mo Sè Lórí Ẹ́ńjìnnì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń kọ̀wé. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n búra níbi iṣẹ́, ìbúra èké ni yóò sì jẹ́.

Awakọ̀ ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ísọlọ̀. Èmi ni mo máa ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Jákàńdè. Mo kàwé gboyè, mo sì ti rí i dájú pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Nítorí náà, n kì í bá àwọn awakọ̀ yòókù jókòó ní búkà. Fóìlì ni mo fi ń di ẹja tútù, mo ń há a sórí ẹ́ńjìnnì. Kí a tó dé gééti, ó ti jinná. Mo ń pè é ní sáyẹ́ǹsì.

Lọ́jọ́ kan, òróró pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fóìlì ya, òróró dà sórí páìpù tí èéfín ń gbà jáde, iná sọ. Àwọn èrò bẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ bọ́ọ̀sì jóná. Ẹja náà di eérú pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Wọ́n ní wáyà ló fà á. Bọ̀dá Àlàó, rewáyà wa, ló tún iná ọkọ̀ náà ṣe kẹ́yìn, ni wọ́n bá dá a dúró. Mo dákẹ́. Mo tilẹ̀ bá ọ̀gá sọ gírámà díẹ̀ lórí bí wáyà ṣe ń gbiná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá Àlàó mú sípánà wá sí gééti. Ó ní kí gbogbo wa fẹnu kan irin, kí a búra pé ọwọ́ wa kò sí nínú iná náà. Òun ló kọ́kọ́ ṣe é, àwọn awakọ̀ tẹ̀ lé e.

"Gírájúéètì, ó kàn ọ́."

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ẹnì kan fi mí ṣẹ̀sín, "àwọn alákọ̀wé kì í jẹ irin!"

Mo ní onígbàgbọ́ ni mí.

"Kò burú," ni Bọ̀dá Àlàó wí. "Mú Bíbélì rẹ wá lọ́jọ́ Ajé."

Èmi tí mo máa ń sọ pé irin kò létí! Ní báyìí, aṣọ ni mo fi ń di kọ́kọ́rọ́ ilé mi mú.

Àná ni mo lọ sílé rẹ̀ láti jẹ́wọ́. Kí n tó lanu, ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ síwájú mi. Ó ní nínú gbogbo ará ibi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó ń ṣàdúrà fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo jẹun náà tán, mo sì lọ sílé. Kí ni kí n ṣe?