Àwọn Ọmọ Ní Mi Ò Lẹ́nìkan Nílé

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún mi pé kí n gbé e mì o! Ṣé ohun tó ṣeé gbé mì ni? Kí ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ dìde láàárín kíláàsì, kó ní, "Tíṣà, ẹ̀rọ wa ní ẹ ò lẹ́nìkankan nílé," kí àwọn tó kù sì pàtẹ́wọ́! Wọ́n pàtẹ́wọ́ o!

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Iléèwé wa ò ní kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan ò sí, mo wá ní kí àwọn ọmọ má baà wà lókùnkùn, ẹ jẹ́ n fi hàn wọ́n bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́ láti pín nǹkan sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ tí wọ́n ti mọ ìdáhùn rẹ̀ hàn án, á máa ṣọ́ àmì tó bá wọn jọ, tí wọ́n bá wá gbé èyí tí kò rí rí síwájú rẹ̀, á wo àmì, á ní ọ̀wọ́ báyìí lèyí wà. Mo ní, ẹ̀yin gan-an lẹ máa dúró bí ẹ̀rọ. A fi ewé bẹ̀rẹ̀, ewé gígùn, ewé roboto, ó dùn bí oyin! Ta ló wá rán mi níṣẹ́ tí mo fi ní kí wọ́n fúnra wọn yan ohun tí wọ́n máa pín?

Wọ́n ní àwọn máa pín àwọn àgbà iléèwé: ẹni tó lẹ́nìkan nílé, ẹni tí kò ní. Awakọ̀ wa, fóònù rẹ̀ kì í sinmi: ó ní. Agbálẹ̀, bí agogo bá ti lù báyìí, eré ló ń sá lọ sílé: ó ní. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tó ń bá ológbò sọ̀rọ̀, tó sọ fún wọn pé òun nìkan lòun ń gbé: kò ní. Ni èmi aláṣejù bá ní, ó yá, ẹ dán èmi náà wò!

Hàà! Wọ́n wò mí tòkè-tilẹ̀. "Fóònù tíṣà kì í dún." Òótọ́. "Bí gbogbo wa bá lọ tán, tíṣà ṣì ń to àga." Orí mi o, òótọ́ ni! "Tíṣà náà máa ń bá ológbò yẹn sọ̀rọ̀." Ọ̀gá àgbà tó dúró lójú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, ó di pé "Ìyá Ológbò" ni wọ́n ń pè mí. Èmi!

Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ̀rọ máa ń ṣàṣìṣe bí àpẹẹrẹ bá kéré. Mo ní mo ní ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Tíṣà, a ò rí wọn rí." Ẹ̀rọ ò lè mọ̀ ju ohun tí wọ́n fi hàn án lọ! Kí lẹ̀yin fi hàn wọ́n? Ìgbà wo lẹ pè mí kẹ́yìn? Òní tẹ́ ẹ wá yìí náà, ìdí yín ò tíì kan àga dáadáa, ẹ ti ń wo báàgì! Àwa méjì péré nìyá wa bí o, mo fi ibi tó sùn sí búra, àwa méjì péré!

Rárá, ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ má sunkún sí mi lọ́rùn. Ẹ gbé báàgì yẹn sílẹ̀. Ibí lẹ máa sùn, tó bá di ọ̀la, bí wọ́n bá ti ń jáde níléèwé, ẹ ó wá dúró níbi tí gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn ti máa rí yín, ẹ ó sì pariwo orúkọ mi, èyí tẹ́ ẹ fi ń pè mí ní kékeré, kì í ṣe tíṣà o. Ẹ pè é kíkankíkan!